Bí Ọlọ́run Ṣe Jẹ́ Kí Abẹ́rẹ́ Eyín Ràn Mí

Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé mo sùn lórí àga dókítà, pé mo wá ń ròyìn ohun tí mi ò rí. Mi ò sùn o! Dígí wà lọ́wọ́ mi. Èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n gbé e fún mi, mo sì ń wo inú ẹnu ara mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Ẹlẹ́rìí ni mí nínú ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe àgbọ́sọ.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kọ́kọ́ bá mi gbé Ọlọ́run ga ná. Òun ló dá eyín, òun ló dá ahọ́n, ó sì mọ̀ pé ahọ́n tèmi ni yóò kó mi sí wàhálà, síbẹ̀ kò jù mí nù. Àǹtí tó ń gba ẹ̀rí sílẹ̀ ní ká máa kọ tiwa sínú ìwé kí ìsìn má baà pẹ́ jù. Tóbi ọmọ mi ní òun á bá mi kọ ọ́. Mo ní rárá. Puráímárì fọ́ọ̀ ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń tú bátìrì tírélà palẹ̀ tó sì ń tò ó padà, ṣé bíírò ni kò ní lè mú? Ọwọ́ mi ni mo fi kọ gbogbo èyí. Tẹ́ ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ fò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé iṣẹ́ bátìrì ni mò ń ṣe ní Apple Junction. Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, kó débẹ̀ kó béèrè Bàbá Bátìrì, ọmọ ọdún mẹ́ta á mú un wá. Kò sí bátìrì tí mo fọwọ́ kàn tí kì í jí. Àwọn onítáńkà láti Satellite Town máa ń kọjá níwájú èèyàn mẹ́rin tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n sì ń kọjá náà ni. Ara mi pẹ̀lú, èmi kì í ṣàìsàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dìde nínú ìjọ yìí tí mo jẹ́rìí pé mi ò mọ bí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ṣe rí. Màmá Tóbi á máa fà mí láṣọ pé kí n jókòó. Èmi ò ní jókòó.

Ó wá di ọjọ́ kan, eyín ńlá ẹ̀yìn kan nísàlẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀tún, bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Mo fi kànáfùrù há a. Mo fi omi iyọ̀ yọ́ ẹnu. Ó ń bá mi rìn lọ bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fi wú bí ẹni tó ki ẹ̀bà sẹ́nu tí kò gbé e mì. Kàmọ́rù, ọ̀rẹ́ mi tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, aládùúgbò tí Ọlọ́run fún mi kó lè máa fi mí ṣẹ̀sín, ó wò mí títí.

Ó ní, “Ìwọ tó o ń jí bátìrì tó ti kú, bu ásíìdì díẹ̀ sídìí eyín náà kó jí!”

Mo ní, “Orí ẹ ni màá kọ́kọ́ bù ú sí.”

Màmá Tóbi ló wọ́ mi lọ sí ilé ìwòsàn eyín kan. Mi ò ní sọ ibẹ̀, torí ibẹ̀ ò ṣẹ̀ mí, ẹ ó rí i níwájú. Dókítà ibẹ̀ ṣì kéré, ó sì ní ìwà. Ó ní kò wu òun láti yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, pé ibẹ̀ ti wú jù, kí n kọ́kọ́ lo oògùn. Mo ní rárá o, mo ti ti ṣọ́ọ̀bù, òní ni yóò yọ ọ́. Bí mo ṣe bá ọmọlọ́mọ jà títí tó fi gbà nìyẹn. Ó gún mi lábẹ́rẹ́ tó máa ń pa ẹnu kú, ó gún un sínú ibi tó wú yẹn gan-an. Ó béèrè pé, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká dúró ná. Ṣé ó ti ń kú?”

Kò kú o. Kò tilẹ̀ rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá Tóbi dúró ní kọ̀rọ̀, ó ń wò mí, nọ́ọ̀sì náà ń wò mí. Mo ní, “Ó ti kú tipẹ́, dókítà. Fa nǹkan ẹ.”

Ó fi ẹ̀mú kàn án. Yéè! Mi ò mọ bí mo ṣe kúrò lórí àga. Ẹsẹ̀ mi gbá tíréè irin wọn, gbogbo irinṣẹ́ fọ́n ká ilẹ̀. Obìnrin kan tó gbé ọmọ ẹ̀ wá, tí wọ́n jọ ń dúró níta, gbé ọmọ náà ó sì gba ilé lọ. Dókítà gún mi lẹ́ẹ̀kejì. Ó gún mi lẹ́ẹ̀kẹta. Abẹ́rẹ́ ò ràn mí. Bó ṣe ń fọwọ́ kàn án ni mò ń ké bí ewúrẹ́ ọdún.

Màmá Tóbi jáde lọ sanwó, nọ́ọ̀sì wá bi mí lóhùn jẹ́jẹ́ pé, “Bàbá, ṣé wọn ò ṣe nǹkan sí yín lára ní kékeré ṣá?”

Ẹ̀yin ará, ibí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sílẹ̀, torí mi ò sọ ọ́ rí nínú ìjọ yìí. Ọdẹ ni bàbá tó bí mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, ó sín gbẹ́rẹ́ sí mi léjìká àti ní ọrùn ọwọ́ méjèèjì. Ó ní òkígbẹ́ ni, pé irin kankan ò ní rí mi gbé ṣe. Nígbà tí nọ́ọ̀sì béèrè ọ̀rọ̀ yìí, dípò kí ojú tì mí, inú mi dùn! Mo ká apá aṣọ sókè. Mo ní, “Wò ó! Wò ó níbí, wò ó lọ́hùn-ún!” Abẹ́rẹ́ wọn ti kéré sí mi. Dókítà ń ṣàlàyé nǹkan kan, ó ń kọ oògùn, ó ní kí n lò ó tán kí n padà wá nígbà tí wíwú náà bá lọ sílẹ̀. Mi ò gbọ́ ìyókù. Àpá ni mò ń fi han nọ́ọ̀sì.

Mo lo oògùn náà fọ́jọ́ méjì. Ìrora rọlẹ̀. Mo gbé ìyókù sórí fìríìjì.

Ní ṣọ́ọ̀bù, mo di akọni. Mo ròyìn ẹ̀ fún àwọn dẹ́rẹ́bà, mo ròyìn ẹ̀ fún ìyá tó ń ta búrẹ́dì, mo ní abẹ́rẹ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn, mẹ́ta! Gbogbo wọn ń ṣe háà. Kàmọ́rù nìkan ló dá mi lóhùn.

“Ṣé abẹ́rẹ́ ni ò ràn ẹ́, àbí ẹnu ẹ ló tóbi ju ohun tó wà nínú síríńjì?”

Ọ̀sẹ̀ kejì ni eyín náà padà dé, ó sì kó ẹbí ẹ̀ wá. Wíwú náà kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó wá sábẹ́ àgbọ̀n. Gbígbé itọ́ mì di iṣẹ́. Ẹ̀kọ mímu, ìdajì á gba igun ẹnu jáde. Nígbà náà ni ẹ̀rù tó bà mí. Ohun tí mo fi ń yangàn ti yí padà, ó ti di ẹ̀wọ̀n. Mo wá ń rò ó pé bí abẹ́rẹ́ ò bá lè ràn mí, ta ló máa yọ eyín yìí? Bí wọn ò bá sì yọ ọ́, yóò pa mí. Ohun tí bàbá mi fi dáàbò bò mí ló fẹ́ sin mí yìí.

Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ gbẹ́rẹ́ náà fún Màmá Tóbi. Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa obìnrin yìí. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti ń fi kànìnkànìn bá mi ha ẹ̀yìn, tó ń rí àwọn àpá yẹn. Mo ti sọ fún un tipẹ́ pé àpá ìgbóná ni. Ó gbọ́ mi tán, ó jókòó sórí àpótí ní kíṣìnnì.

Ó ní, “Dádì Tóbi, gbẹ́rẹ́ kọ́ ló ń dùn mí. Ẹ lè sọ fún nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé, ẹ ò lè sọ fún mi?”

Mo ní kó má bínú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyẹn ò wọ́pọ̀.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá pásítọ̀. Pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ó gbàdúrà tó gbóná, mo sì mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan kan kúrò lórí mi. Nígbà tí a ṣe àmín tán, pásítọ̀ ní, “Bọ̀dá, a ti gbàdúrà sí gbẹ́rẹ́. Ó ku eyín. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ.” Mo mi orí. Mi ò lọ. Ẹ̀rù ẹ̀mú yẹn ò tíì kúrò lára mi. Ọjọ́ mẹ́ta mìíràn kọjá.

Ọjọ́ Àìkú wá dé. Mo fi táwẹ̀lì di àgbọ̀n mọ́rí, mo wá sílé Ọlọ́run. Ẹ rí mi lọ́jọ́ náà, àwọn kan nínú yín rẹ́rìn-ín, mo rí yín. Bí ìsìn ṣe parí ni Dókítà Ṣeun wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ mọ Ṣeun, ọmọ Alàgbà, tí ilé wọn kángun sí tiwa ní Festac. Kékeré ló ti ń sáré gbé bátìrì ínfátà bàbá ẹ̀ wá fún mi nínú bárò. Nígbà tó ń ka ìwé dókítà eyín, tí iná ò sí, bátìrì tí mo ṣáájì ló fi ń kàwé. Ẹ jẹ́ kó di mímọ̀! Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó tú táwẹ̀lì, ó fi ìka méjì tẹ abẹ́ àgbọ̀n mi. Ojú ẹ̀ yí padà.

“Dádì, ẹ la ẹnu. Ṣé bó ṣe lè là mọ nìyẹn? Ṣé ẹ̀ ń mí dáadáa?”

Mo ní mò ń mí.

“Tó bá wú ju báyìí lọ, ó máa dí ọ̀nà èémí yín. Lónìí ni. Ẹ jẹ́ ká máa lọ báyìí báyìí.”

Màmá Tóbi ti gbé báàgì ẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Kílíníkì tí Ṣeun ti ń ṣiṣẹ́ ní Amúwò, òun fúnra ẹ̀ ló wà wá débẹ̀ nínú mọ́tò ẹ̀. Bí mo ṣe jókòó sórí àga, mo dì í lọ́wọ́ mú. Mo ní, “Dókítà, ọmọ mi, má fi abẹ́rẹ́ ṣòfò. Dókítà kan ti gún mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò ràn mí. Bàbá mi ló ṣe é.” Mo ká apá aṣọ.

Kò rẹ́rìn-ín. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ọmọ náà nìyẹn. Ó wo àpá náà dáadáa, ó sì bo aṣọ padà fún mi.

Ó ní, “Dádì, tí ásíìdì bá dà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kí lẹ máa ń bù lé e?”

“Sóòdà.”

“Kí ló dé?”

“Ó ń pa kíkan ẹ̀ ni. Á hó ṣùùù, á sì kú. Irú ìbéèrè wo nìyẹn?”

“Ẹ ṣé. Ibi tí ọyún bá kó sí lára èèyàn, ó máa ń kan bí ásíìdì yín, kó kàn má le tó bẹ́ẹ̀ ni. Oògùn tí wọ́n bá gún sínú kíkan yẹn, agbára káká ni yóò fi wọ inú iṣan tó ń gbé ìrora. Ìta ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ máa dúró sí, bí àlejò tí wọn ò ṣílẹ̀kùn fún. Kì í ṣe gbẹ́rẹ́, Dádì. Ẹni tí abẹ ò kàn lára rí, tí ọyún bá ti kó síbẹ̀, abẹ́rẹ́ lè má ràn án.”

 Mo gbọ́ ọ yé. Ẹni tó ti lo ogún ọdún pẹ̀lú ásíìdì, tí ṣòkòtò ẹ̀ kún fún ihò, ẹ ò lè ṣàlàyé kíkan fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó kàwé nínú yín lè má tètè mọ ohun tó ń sọ. Èmi mọ̀ ọ́n.

Ó ní oògùn náà fúnra ẹ̀, wọ́n máa ń jẹ́ kó kan díẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é kó má baà tètè bàjẹ́, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ta èèyàn. Tí òun bá fẹ́ lò ó, òun á po omi sóòdà ìwọ̀nba mọ́ ọn. “Kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù yín o, Dádì! Ẹ má lọ dán an wò nílé. Ti ilé ìwòsàn ni, a sì ń wọ̀n ọ́n.” Ó tún ní òun ò ní gún un sídìí ọyún. “Tí wáyà bá ń jó nínú ilé, ṣé ìdí gúlóòbù lẹ ti máa pa á?”

Mo ní, “Rárá o. Ẹnu míítà.”

“Ẹnu míítà náà ni mò ń lọ. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, níbi tí iṣan yẹn ti ń wọlé, tí ọyún ò tíì dé.”

Nígbà yẹn ni mo ní kí wọ́n fún mi ní dígí. Mo rí i tó fa oògùn. Mo rí i tó fa omi sóòdà mọ́ ọn. Mo rí i tó dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́ kí òtútù ẹ̀ lè kúrò. Ó gún un díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kán omi sínú bátìrì. Kò ta mí bíi ti àkọ́kọ́ rárá. Màmá Tóbi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lábẹ́nu. Mo pe Jésù lẹ́ẹ̀kan.

Ìṣẹ́jú méjì kò tíì pé. Ṣeun ní, “Dádì, ṣé ètè yín ti kú?”

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣàánú mi. Mo ní, “Ó ti kú.”

Ó fi òwú tó tutù bíi yìnyín kan eyín náà. Mo fò! Ó gbé òwú sílẹ̀.

“Dádì. Ṣé ohun tẹ́ ẹ sọ fún dókítà àkọ́kọ́ náà nìyí?”

Mo gbójú mọ́ dígí. Màmá Tóbi ló dáhùn láti ẹ̀yìn. “Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Dókítà yẹn ò tíì gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n ti ní ó kú. Dókítà, ẹ má tẹ̀lé tiwọn. Èèyàn lè gé wọn lẹ́sẹ̀ kí wọ́n ní ó kàn ń yún wọn ni.”

Ṣeun fa àga ẹ̀ mọ́ mi. Ó rọ ohùn, bí ẹni pé èmi ni ọmọ. Ó ní, “Ẹ gbọ́, Dádì mi. Mi ò nílò akọni lórí àga yìí. Mo lè po oògùn, mo lè gún un síbi tó yẹ, ṣùgbọ́n ẹnu yín nìkan ló lè sọ fún mi bóyá ó ràn yín tàbí kò ràn yín. Tẹ́ ẹ bá parọ́, afọ́jú ni mí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju ẹ̀mú lọ. Ogójì ọdún ó lé ni mo ti ń sọ fún gbogbo ayé pé nǹkan ò dùn mí. Mo la ẹnu, mo ní, “Ó ń dùn mí. Ó ń dùn mí gan-an. Ẹ̀rù sì ń bà mí.” Màmá Tóbi wá sẹ́bàá àga, ó di ẹsẹ̀ mi mú, ìka ẹsẹ̀ ńlá gan-an ló dì mú, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́.

Ṣeun ní, “Ẹ ṣé, Dádì. Ó yá, ká dúró.”

A dúró. Ó fi díẹ̀ kún un. A tún dúró. Ètè mi kọ́kọ́ ń jà ṣìnìṣìnì bí ìgbà tí èèyàn fi ahọ́n kan orí bátìrì kékeré. Lẹ́yìn náà ó wúwo. Lẹ́yìn náà ó di ètè ẹlòmíràn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ mi lójú. Ṣeun gbé òwú tútù wá, mi ò mọ̀. Ó fi irin kékeré tẹ ìdí eyín. Ó ní kí n sọ òótọ́. Mo sọ òótọ́: mo mọ̀ pé ọwọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò dùn mí.

Ó la ibẹ̀. Mo rí i nínú dígí! Ọyún tú jáde, òórùn ẹ̀ kún gbogbo yàrá, nọ́ọ̀sì yíjú, Màmá Tóbi ò yíjú. Eyín náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo ń gbọ́ ọ nínú egungun etí, gíì, gíì, bí nọ́ọ̀tì tó ti dógùn-ún, ìrora ò sì sí. Ó jáde. Ó ní èyí tó wà lẹ́yìn ẹ̀ náà ti jẹrà dé gbòǹgbò. Mo ní kó máa mú un lọ. Omi ń dà lójú mi, nọ́ọ̀sì rò pé ó ń dùn mí. Màmá Tóbi ní, “Rárá, ọpẹ́ ni wọ́n ń dú.” Kò sí ẹni tó tíì dúró jẹ́jẹ́ lórí àga yẹn tó mi. Ṣeun ò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i lójú ẹ̀.

Wọ́n fa omi oògùn sí mi lára lọ́jọ́ náà àti ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e. Mo lo oògùn tí Ṣeun kọ fún mi tán pátá, Màmá Tóbi ló ń kà á fún mi bíi pé ọmọ jẹ́léósinmi ni mí. Wíwú lọ sílẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun ṣí. Mo padà lọ bá dókítà àkọ́kọ́, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Bàbá, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọyún yẹn fún yín. Ẹ̀yin lẹ̀ ń bọ́ aṣọ fún nọ́ọ̀sì.” A jọ rẹ́rìn-ín.

Kàmọ́rù bi mí pé, “Bàbá ẹ ò wá ṣe nǹkan kan fún ẹ nìyẹn?”

Mo ní, “Ó ṣe. Ó bí mi. Ohun tó mọ̀ ló fi tọ́jú mi.” Kàmọ́rù ní òótọ́ ni mo sọ. Ẹ bá mi kọ ìyẹn náà mọ́ iṣẹ́ ìyanu.

Ẹnìkan lè sọ pé sóòdà ni, kì í ṣe Ọlọ́run. Mo ní ta ló dá sóòdà? Ta ló fi ọgbọ́n sórí ọmọ Alàgbà? Ta ló mú un wá sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí ọ̀nà èémí mi kù díẹ̀ kó dí? Ta ló fa òótọ́ jáde lẹ́nu mi? Iṣẹ́ yẹn le ju eyín yíyọ lọ! Ẹ̀yin ọkùnrin inú ìjọ, tí wọ́n bá bi yín bóyá ó ń dùn yín, ẹ sọ òótọ́. Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ máa tẹ̀lé wọn lọ. Gbogbo ìjọ, ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀, ẹ jó fún Ọlọ́run tó gba ẹ̀mí mi là, ẹ sì dì mọ́ Ṣeun tẹ́ ẹ bá rí i, torí ojú máa ń tì í.

Ohun tó lọ nìyí. Eyín, méjì. Ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù fi wà ní títì, mẹ́sàn-án. Kílò ara mi, mẹ́rin. Ẹ̀mí, kò sí.